Àpótí Mẹ́fà Tí Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì Pa

Ẹni tó bá rí Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì, obìnrin tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé ẹ̀kọ́, lórí àkàbà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn á rò pé wọ́n bí ọmọ-ọmọ tuntun fún un ni. Inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn, ó ń kọrin jẹ́jẹ́, ó sì ń pa àwọn àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń fi ìgbì ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà, tó wà lábẹ́ àjà gbọ̀ngàn ìdánwò lọ́kọ̀ọ̀kan. Méjìlá ni wọ́n. Mẹ́fà ló pa.

"Ìyá, èyí tó wà nílẹ̀ ò tó, ẹ tún ń dín in kù?" Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ló béèrè bẹ́ẹ̀.

Ẹ má bá ọ̀gá wí. Lọ́dún tó kọjá, irinwó akẹ́kọ̀ọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà níbẹ̀, nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dákú láàárín ìdánwò. Ọmọbìnrin Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gan-an wà lára wọn. Nítorí ìdánwò tó bàjẹ́ yẹn, ọdún kan gbáko ni ọmọ náà fi jókòó sílé. Ta ló sì fà á? Ìyá rẹ̀ náà ni. Òun ló fi àpótí kún àpótí, tó gbé agbára gbogbo wọn sókè, tó wá dán an wò nínú gbọ̀ngàn tó ṣófo. Ó gbàgbé pé ara èèyàn máa ń mu ìgbì nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Lọ́dún yìí, ọmọ náà ti sọ ọ́ gbangba: "Mọ́mì, tó bá tún já, mi ò ṣe é mọ́ láyé."

"Ọ̀gá," Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì fèsì, "ìkànnì táwọn àpótí ń gbà sọ̀rọ̀ tí kì í dí ara wọn lọ́wọ́, mẹ́ta péré ni. Táwọn méjìlá bá ń pariwo lé ara wọn lórí, ta ló máa gbọ́ ti ẹnì kejì? Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo fi méjìméjì sórí ìkànnì kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra, mo sì ní kí wọ́n rọra sọ̀rọ̀."

Lọ́tẹ̀ yìí, kò dán an wò lófìfo. Ó kó olùkọ́, agbálẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti òbí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jọ, ó fi wọ́n kún gbogbo àga, ó ní kí kálukú máa tẹ kọ̀ǹpútà. Kò já. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, ó ń tẹ̀ ẹ́ bí ọmọdé.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wákàtí méjì ni ìyá yìí fi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Bí ọmọ rẹ̀ ṣe jáde ló dì í lápá mú.

"Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ńkọ́?"

Ọmọ náà wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ ohun tó sọ. "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo, Mọ́mì? Ìbéèrè kejìlélógún ni kẹ́ ẹ bi mí, díẹ̀ ló kù kó pa mí."

Kò tiẹ̀ rántí rẹ̀. Ìyá Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gbá a mọ́ra, ẹ̀rín ń bọ̀, omijé ń bọ̀, kò mọ èyí tí òun ì bá kọ́kọ́ jẹ́ kó jáde.