Òróró Lórí Wáyà

Òórùn àdín ló máa ń kọ́kọ́ dé. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni ń ṣe àdín nítòsí; ó ti pẹ́ tí wọ́n ti yan èkùrọ́ gbẹ̀yìn lágbègbè wa. Èmi nìkan ni mo máa ń gbọ́ òórùn yẹn. Bó bá ti wọ imú mi, ahọ́n mi á wúwo, ẹnu mi á tì pa. Mo ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, mo ń rí wọn, ṣùgbọ́n n ò lè fèsì. Nígbà mìíràn, ọwọ́ ọ̀tún mi á máa gbọ̀n bí ewé kókò tí òjò ń pa. Tó bá yá, á lọ, á wá ku ẹ̀rù. Ẹ̀rù yẹn, àìsàn mìíràn ni lọ́tọ̀. Màá jókòó, màá máa fi imú wá òórùn náà kiri nínú ilé ara mi.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti èmi nìkan, ìdí agbada gààrí ni mo wà. Ọmọ ọmọ mi obìnrin, tí kò tíì tó lọ sílé ìwé, ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, nítorí ìyá rẹ̀, ọmọbìnrin mi, ń se oúnjẹ tà fáwọn onímọ́tò ní Ọ̀rẹ̀. Òórùn àdín dé. Nígbà tí mo padà bọ̀ sípò, gààrí ti jóná, ó dúdú kirikiri, ọmọ náà sì dúró ti iná gbágbáágbá. Ó ti gba àfọ́kù igbá tí mo fi ń ro gààrí, ó ń rò ó.

Ó ní, "Yèyé, ẹ sùn. Mo ń bá yín ṣe é."

Etí aṣọ rẹ̀ ti ń rú èéfín.

Ọmọbìnrin mi kò pariwo nígbà tó gbọ́ tó sì dé láti Ọ̀rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù bà mí. Ó kó aṣọ ọmọ sínú báàgì, ó gbé ọmọ náà sí àárín òun àti ọlọ́kadà. "Yèyé, ẹ má bínú. Títí a ó fi mọ ohun tó jẹ́ ni. Bí a bá ti mọ̀ ọ́n, á padà sọ́dọ̀ yín." Mo dúró lójú ọ̀nà títí igbó kòkó fi gbé ìró ọ̀kadà náà mì.

Dókítà ti wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi, wọ́n ti ya àwòrán orí mi, wọn ò rí nǹkan. Ó wá ní ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n máa ń dè mọ́ èèyàn lórí nínú ilé onítọ̀hún, tó máa ń tẹ́tí sí ọpọlọ bí èèyàn ṣe ń jẹ tó ń mu. Ọkùnrin kan ló gbé e wá láti ìgboro. Ó ní kí n tú irun mi. Ó fi àtè lẹ wáyà mọ́ awọ orí mi, ọ̀kan tẹ̀lé òmíràn, ó wá fi báńdéèjì wé gbogbo rẹ̀. Wáyà náà gba ẹ̀yìn mi sọ̀kalẹ̀ lọ sínú àpótí kékeré tó so mọ́ mi ní ìbàdí. Ó fi bọ́tìnnì kan lé mi lọ́wọ́.

"Ìyá, bí òórùn yẹn bá ti dé, ẹ tẹ̀ ẹ́. Ẹ má gbé ẹrù sórí o. Ẹ má sì jẹ́ kí omi tàbí òróró kan ibẹ̀, àtè yẹn ò fẹ́ ẹ."

"Bí kò bá wá ńkọ́?"

"Ẹ̀rọ ò ní rí nǹkan kan nìyẹn. Ẹ máa retí rẹ̀."

Ohun tí mo ń sá fún ni wọ́n ní kí n máa retí. Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà, mo ń bẹ ẹ̀gẹ́, bọ́tìnnì wà ní itan mi. Bí ewé kòkó gbígbẹ bá já bọ́, màá gbórí sókè. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kó má dé, mo sì tún ń bẹ̀ ẹ́ pé kó tètè dé kí ọmọ ọmọ mi lè padà wálé. N ò mọ èwo nínú méjèèjì ni yóò gbọ́.

Obìnrin tó múlé gbè mí, tí ọkọ rẹ̀ ń dáko ìsákọ́lẹ̀ níbí, dúró, ó kàn ń wò mí ni.

"Háà, Yèyé! Iná dé orí yín kó tó dé abúlé wa! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa so gílóòbù kan mọ́ ọn."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti rẹ́rìn-ín gbẹ̀yìn.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, àwọn obìnrin ìjọ wa rìn wá láti Omifunfun. Mo gbé bọ́tìnnì sórí àpótí ìjókòó kí n lè kúnlẹ̀ kí ìyá ìjọ, torí ó jù mí lọ.

"Àbúrò mi, kí la tún ń fi wáyà ṣe nígbà tí Ọlọ́run wà?"

"Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ìyá ìjọ. Ọlọ́run náà ló dá ẹni tó ṣe wáyà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n dá orin. Ní ìjọ wa, ibi tí àìsàn bá wà la máa ń ta òróró sí. Bó bá jẹ́ ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ ni. Bó bá jẹ́ inú, inú ni. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé orí ni tèmi. Mo rí ìyá ìjọ tí ó ń ṣí ìgò òróró, mo ya ẹnu láti sọ fún un pé kó dúró.

Òórùn àdín dé.

"Ṣé ká ta á sí i, àbúrò mi?"

Mo gbọ́ ọ ketekete. Ẹnu mi ti tì. Mo ń wo bọ́tìnnì lórí àpótí ìjókòó, kò jìnnà, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún mi ti ń gbọ̀n.

Ẹnìkan pariwo pé, "Ẹ̀mí ti bà lé e!"

Òróró tutù. Ó gba abẹ́ báńdéèjì wọlé, ó ṣàn gba ẹ̀yìn etí mi, ó dé ọrùn. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń jó yí mi ká, mo sì wà láàárín wọn bí ẹni tí wọ́n tì mọ́nú yàrá. Mo ń gbọ́ bí wáyà ṣe ń yọ̀ bọ́ kúrò lórí mi.

Nígbà tí ẹnu mi là, mo ní, "Ẹ ti pa á."

Inú ìyá ìjọ dùn. "Àìsàn náà?"

"Ẹ̀rọ ni."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yé e, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi ń nu orí mi, ó ń sunkún. N ò lè bínú sí i. Ìfẹ́ ló gbé e rìn wá nínú oòrùn yẹn.

A lọ gbọ́ èsì ní Ọ̀rẹ̀, èmi àti ọmọbìnrin mi. Dókítà ní, "Ìyá, ohun tí ẹ̀rọ gbọ́ kí òróró tó dé dára. Láti ìgbà òróró, n ò lè mọ ohunkóhun níbẹ̀." Ó bi mí bóyá mo máa ń ṣàníyàn. Mo ní ta ni kì í ṣe é. Ó ní ẹ̀rù nìkan lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀, ó sì lè jẹ́ ohun mìíràn. Bí a bá fẹ́, wọ́n á tún ẹ̀rọ náà dè mọ́ mi lórí.

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ sọ, pé ó dára, nìkan ni ọmọbìnrin mi gbọ́. Ó dì mọ́ mi lójú gbogbo èèyàn. "Yèyé, kò sí nǹkan kan lórí yín! Lọ́jọ́ Ìsinmi, màá mú ọmọ yín wá."

Mo ṣe àmín. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọ̀kadà, bí a ṣe ń wọ abẹ́ kòkó lọ, mo ń bi ara mi: bí kò bá sí lórí mi, ibo ló ń gbé?

Nígbà tó ku ọ̀la kí wọ́n dé, mo ń fi yanrìn fọ agbada nígbà tí fóònù dún. Ọmọ náà ni. Ó ń sọ fún mi nípa tírélà tó ṣubú sójú ọ̀nà, nípa búrẹ́dì tí wọ́n rà fún un, ó ní òun fẹ́ gààrí tó gbóná. Mo ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Òórùn àdín wọlé wẹ́rẹ́.

"Yèyé? Yèyé, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mo ń gbọ́ ọ.

"Mọ́mì, Yèyé ti tún sùn."

Ìyá rẹ̀ gba fóònù, ó ń pè mí, ohùn rẹ̀ ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ahọ́n mi wá fúyẹ́, mo da agbada dé.

Mo ní, "Má mú un wá. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ yẹn ni kí o pè."

Mo gbọ́ ohùn ọmọ náà lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó ń béèrè bóyá mo ti jí.