Ṣéènì Tó Wà Lọ́rùn Àgbò

Ní Lásúnwọ̀n, ní Ìkòròdú, ẹni tó bá fẹ́ da dẹ́kíìnì ilé rẹ̀, Sàlímọ́nù ni wọn yóò júwe fún un. Òun ló ni mísà, ẹ̀rọ olóríkíbítí tó ń po kọnkéré, tó ní táyà méjì lábẹ́, tí wọ́n máa ń so mọ́ ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù fà kiri. Adélàjà ló ń bá a ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ náà. Ọdún mẹ́rìnlá ni wọ́n ti jọ wà. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Sàlímọ́nù, Mùsùlùmí ni. Adélàjà ní tiẹ̀, ará Ọ̀ṣun tó wá háyà ilé ní Ìkòròdú ni, ṣọ́ọ̀ṣì ló ń lọ. Síbẹ̀, bí Iléyá bá dé, Adélàjà náà ni í bó àgbò Sàlímọ́nù. Ọkùnrin yẹn mọ ọ̀bẹ í lò! Awọ á kàn máa ṣí kúrò lára ẹran bí ìgbà téèyàn ń bọ́ ṣòkòtò fún ọmọdé, kò ní lu níbì kankan.

Wòsílátù, ìyàwó Sàlímọ́nù, a ní, "Bàbá Ọ̀rẹ́, ẹ kúkú máa bá wa kírun, ẹ ti jẹ ẹran wa tó!"

Adélàjà a ní, "Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ kí n jẹ tọdún yìí tán ná, kí n fi ronú sí i."

Ọdún tó kọjá, ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí Iléyá pé, Sàlímọ́nù ra àgbò alágídí kan. Ó já okùn àkọ́kọ́, ó já ìkejì, ó wọ ṣọ́ọ̀bù aládùúgbò, ó lọ ki ẹnu bọ gààrí onígààrí. Wòsílátù pariwo títí ọ̀fun rẹ̀ há. Ni Sàlímọ́nù bá rántí ṣéènì mísà. Ṣéènì yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ o. Pínnì ló de mísà mọ́ ojú ìkọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, ṣéènì ni wọ́n wá fi ń kún un, pé bí pínnì bá yọ, kí ẹ̀rọ má baà sá lọ. Ó tú u, ó fi so àgbò mọ́ igi máńgòrò. Àgbò dákẹ́ jẹ́ẹ́. Sàlímọ́nù rò pé òun gbọ́n.

Ní ọjọ́ kẹta, iṣẹ́ yọ ní Ẹ̀pẹ́. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ so mísà ni wọn ò wá rí pínnì mọ́. Wọ́n wá a títí. Sàlímọ́nù bá gé irin rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń ṣe òpó ilé, ó tì í bọ ojú ìkọ́, ó fi òòlù tẹ orí rẹ̀.

Adélàjà bẹ̀rẹ̀, ó wò ó lábẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, irin yìí tín-ín-rín fún ihò yìí o. Ṣéènì ńkọ́?"

"Ó wà lọ́rùn àgbò."

"Ẹ jẹ́ ká lọ tú u wá."

"Kó tún lọ jẹ gààrí wọn? Làjà, ìgbà wo lo di ọ̀gá VIO? Ẹ̀pẹ́ níbí là ń lọ, a ò lọ Mẹ́kà."

"Àwa ò lọ lóòótọ́. Àfi kí mísà má dá lọ."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Adélàjà ò jókòó níwájú lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn pikọ́ọ̀pù ló gùn, ó ní òun á máa ṣọ́ irin yẹn.

Wọ́n kọjá Ìtóìkín láìsí wàhálà. Nígbà tó yá, ọ̀nà bàjẹ́, táyà bọ́ sí kòtò, irin fò sókè. Adélàjà fọwọ́ lu òrùlé ọkọ̀: gbà! gbà! gbà! Sàlímọ́nù gbọ́. Ó gbọ́ ọ dáadáa. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì ló rò pé Adélàjà rí, torí bó ṣe máa ń lu ọkọ̀ náà nìyẹn tó bá ti rí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó yọrí síta.

"Alájẹkì! Jẹ́ ká dé Ẹ̀pẹ́ ná!"

Ó sì tẹná mọ́ ọkọ̀. Títí dòní, ẹsẹ̀ tó fi tẹ̀ ẹ́ yẹn ń dùn ún lọ́kàn. Torí Adélàjà ti sún padà sí eteetí ẹ̀yìn ọkọ̀, ó ti bẹ̀rẹ̀, ó ti nawọ́ sísàlẹ̀ kó lè ti irin padà sí ihò. Irin yọ pátápátá. Apá irin mísà gbọ̀n, ó fún ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mọ́ bọ́ńpà, kó tó já, tó yí wọ inú igbó. Ọlọ́run ló ní kò sẹ́ni lẹ́yìn wọn. Igbe tí Sàlímọ́nù gbọ́ tẹ̀ lé e, kò jọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ mọ́.

Àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ni àwọn dókítà gé kúrò. Adélàjà ò bú u. Ì bá bú u, ì bá sàn. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, "Ẹ̀gbọ́n, mo lù ú fún yín."

"Mo gbọ́, Làjà."

Adélàjà bá kọjú sí ògiri. Láti ọjọ́ náà, kò gbé ìpè Sàlímọ́nù mọ́. Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́lé, ohun kan ló ń jẹ Sàlímọ́nù lọ́kàn: ṣé Làjà á wá?

Ọjọ́ ọdún pé. Wọ́n ti yídì dé, oòrùn ń ga, àgbò ṣì wà nídìí máńgòrò. Wòsílátù ní fún ọkọ rẹ̀, "Bàbá Roqeebah, ẹ pe ẹlòmíì kó wá bó o."

Sàlímọ́nù ní, "Jẹ́ ká dúró díẹ̀."

Ìgbà tó yá, Adélàjà yọ tòun ti báńdéèjì lọ́wọ́. Kò wọlé. Ó lọ tààrà sídìí àgbò, ó fi ẹsẹ̀ kan ṣéènì.

"Àṣé ó nípọn tó báyìí," ló sọ.

Sàlímọ́nù fẹ́ dọ̀bálẹ̀, òun àgbà, fún ẹni tó jẹ́ àbúrò. Adélàjà fi ọwọ́ òsì dá a dúró. "Aṣọ ọdún lẹ wọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ẹ mú ọ̀bẹ."

Àáfà dúńbú ẹran. Sàlímọ́nù ló bó o, Adélàjà jókòó sórí àpótí, ó ń fẹnu darí rẹ̀. "Ẹ rọra. Ẹ fi ẹ̀ṣẹ́ tì í, ẹ má fi ọ̀bẹ gé e." Gbogbo ìgbà tí ọ̀bẹ bá ṣìnà, ọwọ́ ọ̀tún Adélàjà á gbéra fúnra rẹ̀ lórí itan, á tún rọra padà. Awọ lu níbi púpọ̀. Ẹnikẹ́ni ò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Wòsílátù kọ́kọ́ bu ẹ̀dọ̀ díndín fún àlejò, bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọọdún. Ó fọwọ́ méjèèjì gbé abọ́ fún un. Òsì ni Adélàjà nà.

"Ẹ má bínú, ìyàwó wa," ló wí, "ọwọ́ òsì ni mo fi gbà á."

Sàlímọ́nù dìde, ẹ̀jẹ̀ àgbò ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sídìí máńgòrò, ó kúnlẹ̀, ó ń tú ṣéènì kúrò lára igi. Ó pẹ́ níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.