Ìyá Báláú àti Ẹran Inú Omi Tútù

Iṣẹ́ tó mọ́ni lọ́wọ́ a máa tanni nígbà míì. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe fẹ́ tan Ìyá Báláú.

Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Aṣọ tó bá dé ọwọ́ rẹ̀ ní dúdú kírikíri, funfun báláú ló máa padà sọ́dọ̀ ẹni tó ni ín. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Nígbà tí àbíkẹ́yìn rẹ̀ obìnrin ríṣẹ́ sí ọ̀nà jíjìn, ó gbé àwo gíláàsì ńlá kan lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Ọmọ asolótù kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹran inú omi ni, ó jọ ọmọ alángbá, ara rẹ̀ funfun, ẹ̀ka pupa sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ bí ìyẹ́. Ẹ̀ka yẹn ló fi ń mí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó kú."

"Kú kẹ̀? Ẹ̀yin tí mo tọ́, èwo ló kú nínú yín?"

Ọkọ rẹ̀, awakọ̀ tó ti fẹ̀yìn tì, na ọrùn wo inú àwo. "Ẹja ẹlẹ́sẹ̀! Ṣé ó máa fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé inú ìkòkò ni?"

"Bàbá, ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Ó wá ń tọ́jú ẹran náà bó ṣe ń tọ́jú aṣọ. Alágbàfọ̀ wo ni kò mọ̀ pé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń ṣí ìdọ̀tí nídìí? Ó gbé àwo náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì áyọ́ọ̀nù, kí òtútù má baà mú ọmọ náà. Ó fi ọṣẹ fọ àwo títí ó fi ń dán gbinrin, ó sì da omi ẹ̀rọ sí i lójú ẹsẹ̀. Àṣé ìkẹ́ ló fẹ́ fi pa á.

Kò pẹ́, asolótù kọ oúnjẹ. Ẹ̀ka orí rẹ̀ tẹ̀ síwájú bí ewé tí oòrùn pa, nǹkan funfun sì hù lórí ọ̀kan bí òwú. Ó wá ń léfòó gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀, kò lè sọ̀ kalẹ̀ mọ́. Ìyá Báláú kì í ṣe obìnrin tí ń káwọ́ lérí. Ó pe ẹni tó ta ẹran náà lórí fóònù.

"Màmá, ibo lẹ gbé e sí?"

"Ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù."

"Yéè! Ẹ ń bọ̀ ọ́ ni o! Omi tútù ló ń gbé. Ẹ má fi ọṣẹ kan àwo rẹ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí omi ẹ̀rọ sùn mọ́jú nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì, kí oògùn apakòkòrò inú rẹ̀ lọ, kẹ́ ẹ máa fi pààrọ̀ díẹ̀díẹ̀. Tí òwú yẹn bá ń pọ̀ sí i, dókítà ẹranko yá."

"Mo gbọ́. Ẹni tó gbé e gba ọ̀nà òdì ló máa gbé e padà."

Ibi tó tutù jù nílé ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìn, ibẹ̀ gan-an sì ni ọkọ rẹ̀ ń tẹ́ ẹní oorun ọ̀sán sí.

"Bàbá, ẹ dìde."

"Nítorí ẹja?"

"Nítorí ọmọ yín tó máa bi yín."

Ọkùnrin náà ká ẹní rẹ̀, ó ń kùn bí oyin. Obìnrin náà gbé àwo síbẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ọ̀sán ń bá a débẹ̀. Ìyá Báláú dúró, ó ronú. Aṣọ tútù tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí okùn, ṣé kì í tutù ju omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ lọ? Ó rin aṣọ ìnura kan gbindin, ó wé e mọ́ àwo náà, ó kọjú fáànù sí i. Nígbà tó padà ti ìka bọ omi, ó rẹ́rìn-ín. Omi náà ti tutù. Láràárọ̀, ó ń fi omi tó ti sùn mọ́jú pààrọ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Bí Ìyá Báláú bá wà nídìí iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ ló ń rin aṣọ ìnura náà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ló figbe bọnu.

"Ìyá Báláú! Sáré wá!"

Obìnrin náà sáré dé. "Ó ti kú?"

"Ta ló kú? Wò ó!"

Òwú ti kúrò lórí ẹ̀ka. Asolótù dúró gbọnin lórí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nísàlẹ̀ omi. Ìyá Báláú gé ekòló kékeré kan sí méjì, ó fi ẹ̀mú sọ ìdajì rẹ̀ sísàlẹ̀. Ẹran náà wò ó. Gbàmù! Ó ti gbé e mì.

"Fún un ní ìyókù!" ni ọkọ rẹ̀ ń pariwo. "Ebi ń pa á!"

"Ó tó bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ lọ́wọ́ àìsàn kì í jẹ àjẹkì."

Ó padà sídìí aṣọ rẹ̀, ó ń kọrin.