Àwọn Ọ̀dọ́mọkùnrin Igbein

Bàbá mi kò fẹ́ kí n kọ́ iṣẹ́ dídarí àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Kì í ṣe pé ó kórìíra ọ̀rọ̀ Ọlọ́run o. Ìjókòó rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ta ló tó jókòó síbẹ̀? Ohun tí kò yé e ni pé kí odindi ọkùnrin lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ọmọ ọlọ́mọ ṣeré. Iléeṣẹ́ símẹ́ńtì ní Ewékorò ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa mi. Ó ní, “Lọ ṣe ọdún kan yẹn. Bí wọn ò bá fún ọ ní ìwé ẹ̀rí, Ewékorò lo máa bá mi.” Mo mọ̀ pé kò ṣàwàdà, torí ó ti ra bàtà iṣẹ́ tó bá ẹsẹ̀ mi mu, ó sì gbé e sí ibi tí mo ti lè máa rí i.

Ìwé tí a ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa ní Abẹ́òkúta, òkè òkun ló ti wá. Orí kan wà nínú rẹ̀ lórí ohun tí èèyàn lè bá àwọn ọ̀dọ́ ṣe bí yìnyín bá dí ọ̀nà. A kà á, a sì ṣe ìdánwò lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n apá tó le jù ni pé wọ́n máa fi oníkálukú ránṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan, kí ó darí àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀ fún sáà kan, kí olùkọ́ wa wá wò ó níkẹyìn. Ẹni tó bá fìdí rẹmi níbẹ̀, kò sí ìwé ẹ̀rí fún un.

Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Igbein ni wọ́n fún mi. Àlùfáà ibẹ̀ ránṣẹ́ pé àwọn ní Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dúró ṣinṣin, tí kì í pa ìpàdé jẹ, tó sì ra àga tirẹ̀. Àwọn tí a jọ wà ní kíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í jowú mi. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé àkọ́kọ́, mo gbé gìtá tí mo yá kọ́ èjìká, mo so fèrè mọ́ ọrùn, mo wọ gbọ̀ngán wọn lọ. Àwọn bàbá arúgbó ni mo bá níbẹ̀, wọ́n tò lọ rẹrẹ. Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin bàbá. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni mò ń wá.”

Alága wọn, tó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé kí ó tó fẹ̀yìn tì, tún awò ojú rẹ̀ ṣe. Ó ní, “Àwa rèé. O sì ti pẹ́.”

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Ìyá mi àgbà wà nínú Ẹgbẹ́ Wúńdíá títí eyín fi tán lẹ́nu rẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wa: orúkọ tí àwọn èèyàn bá fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ nígbà tí irùngbọ̀n wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, òun náà ni wọn á máa jẹ́ lọ títí dé ibojì. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ fún wọn pé ó tó gẹ́ẹ́. Àwọn tó bá tẹ̀lé wọn á lọ dá tiwọn sílẹ̀, wọn á sì wá orúkọ mìíràn. Ní ti àwọn ọmọdé ibẹ̀, inú ẹgbẹ́ akọrin ni gbogbo wọn wà, ọ̀gá akọrin ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sún mọ́ wọn.

Ǹ bá lọ sọ fún olùkọ́ wa, ṣùgbọ́n ẹni tó kọ́kọ́ lọ bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yí ibi tí wọ́n fi òun sí padà, ṣe ló lé e jáde. Mo bá pa ẹnu mi mọ́. Nígbà tó bi mí bí àwọn ọ̀dọ́ mi ṣe ń ṣe, mo ní, “Wọ́n ní sùúrù, sà. Wọn kì í pariwo.” Ó ní òun ò rí irú ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Irọ́ ni mo pa ní ti ariwo. Ìwé wa ní kí oníkálukú kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ àti ohun kan tó ń múnú rẹ̀ dùn, kí ara lè tù wọ́n. Ẹni àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ láti orí bàbá ńlá rẹ̀ tó bá wọn tẹ ìlú dó, ó ki gbogbo wọn ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Kí ó tó kan òun fúnra rẹ̀, ẹnì kejì ti ní irọ́ ni, bàbá ńlá tòun ló ṣáájú dé. Ni ìjà bá dé. Mo fọn fèrè. Alága na ọwọ́, ó gba fèrè náà lọ́rùn mi, ó ní bí ìpàdé bá parí kí n wá gbà á. Inú bí mi gan-an, ṣùgbọ́n “ẹ ṣé, sà” ló jáde lẹ́nu mi.

Ìwé tún ní kí n máa pe àwọn ọ̀dọ́ ní orúkọ wọn gan-an. Ìyẹn ni mi ò dán wò, torí mo ṣì fẹ́ wà láàyè. Mo dán ti eré àpò wò, èyí tí èèyàn ń wọ inú àpò fò sáré. Mo kó àpò kòkó wá, wọ́n wọ inú rẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ṣe ni wọ́n dúró síbẹ̀, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n.

Ọjọ́ tí olùkọ́ wa máa wá wò mí pé. Ó gun alùpùpù rẹ̀ dé, ó wọlé, ó wò yíká, ó wá kọjú sí mi bíi pé mo jalè. Kí ó tó sọ̀rọ̀, alága ti pe orúkọ tí wọ́n ń pè é ní kékeré. Àṣé alága ló kọ́ ọ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ wa nà gbalaja sílẹ̀, bébà rẹ̀ fọ́n ká.

Alága ní, “Ṣé ìsọdipúpọ̀ ti wá ń yé ọ díẹ̀díẹ̀?”

“Ó ti ń yé mi, sà.”

“Ó dáa. Lọ jókòó sẹ́yìn.”

Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ló yan àkòrí fún wa: bí ọ̀dọ́mọkùnrin ṣe lè yan aya. Iwájú àwọn tó ti ní ọmọ-ọmọ ni mo ti ń sọ ọ́, èmi tí mi ò tíì ní àfẹ́sọ́nà. Mo ti ń rí ara mi nínú eruku Ewékorò. Mo ní kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n má wo ẹwà nìkan, kí wọ́n má sì fi ọ̀rọ̀ náà pa mọ́ fún àwọn òbí wọn.

Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ rélùwéè rí, tí ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́, nawọ́ sókè. Ó ní, “Tíṣà, bí kì í bá ṣe òbí ńkọ́? Bó bá jẹ́ ọmọ ẹni lèèyàn ń bẹ̀rù ńkọ́?”

Àwọn tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ara wọn ní yẹ̀yẹ́ yí àga wọn sọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní obìnrin opó kan wà ní Ìtòkú tó ń ta àdìrẹ. Òun máa ń lọ ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáá, aṣọ ti kún yàrá òun, òun ò sì lè sọ fún àkọ́bí òun obìnrin, torí ọmọ náà le.

Ìwé òkè òkun ò sọ nǹkan kan nípa èyí. Mo ní, “Bàbá, ohun kan náà ni. Ẹ sọ fún ọmọ yín kí ó tó gbọ́ ọ níta. Bí ẹ bá fẹ́, màá bá yín lọ.”

Alága dìde. Ó ní, “Gbogbo wa la máa lọ.”

Wọn ò ṣe àdúrà ìparí. Gbogbo Ẹgbẹ́ Ọ̀dọ́mọkùnrin Igbein tú síta pẹ̀lú ọ̀pá ìtilẹ̀ wọn, olùkọ́ wa sì tẹ̀lé wa, ó ń bá alága gbé àpò. Nígbà tí ọmọbìnrin náà rí àwọn àgbààgbà tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, ó rò pé bàbá òun ti kú, ó ká ọwọ́ lérí. Ẹ̀yìn mi ni bàbá náà sá sí. Mo rọra yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Bàbá náà ní kí ó jókòó. Nígbà tó sọ ọ́ tán, ọmọbìnrin náà nu ojú rẹ̀. Ó ní, “Ṣé ti aládìrẹ yẹn ni? Bàbá, gbogbo Ìtòkú ló mọ̀. Ẹ̀yin là ń retí.”

Bí a ṣe ń padà bọ̀, olùkọ́ wa ní ó yẹ kí òun dá mi padà sílé, àmọ́ òun ò ní lè dúró níwájú alága kí òun sọ fún un pé kì í ṣe ọ̀dọ́. Ó ní mo yege.

Mo gbé ìwé ẹ̀rí mi lọ sí Ewékorò. Bàbá mi bi mí bí àwọn ọ̀dọ́ tí mo kọ́ ṣe dàgbà tó. Mo sọ fún un, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Inú mi ò dùn sí ẹ̀rín náà, ni mo bá ròyìn ti bàbá rélùwéè fún un, kí ó lè mọ̀ pé mo ṣiṣẹ́. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀. Mo ṣì wà ní ilé ìwé gíráámà nígbà tí ìyá mi kú, kò sì sí obìnrin kankan nílé wa láti ìgbà náà.

Ó ní, “Báwo ló ṣe bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà fún ọmọ yẹn?”

Mo ní, “Ó kàn ní kí ó jókòó ni, sà.”

Ó fa àga kan sún mọ́ mi, ó ní kí n jókòó.