Ọbẹ̀ Tí A Wá fún Ìyá Ìkókó

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi kò tíì ga ju tábìlì lọ, Mulhuddart ní Dublin, ní Ireland, ni à ń gbé, nítòsí ibi tí bàbá mi ti ń to ẹrù. Mo ń to abọ́ sínú press, bí wọ́n ṣe ń pe kọ́bọ́ọ̀dù níbẹ̀, lọ́jọ́ kan nígbà tí fóònù dún. Bàbá mi gbé e, ó gbọ́ díẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú ilé ìdáná. Ẹ̀rù bà mí. Ó ní, "Ìyá ẹ ti bí o. Ọkùnrin ni. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, àmọ́ ó ti jí."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má rò pé wàhálà parí síbẹ̀. Nígbà tí a dé ọsibítù, tíì àti búrẹ́dì yíyan ni wọ́n gbé síwájú màámi, pẹ̀lú omi tútù. Àwọn nọ́ọ̀sì náà ò ṣe ohun tó burú. Bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ìyá ìkókó níbí nìyẹn. Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ kì í jẹ ohun tútù. Omi gbígbóná ni yóò fi wẹ̀, ọbẹ̀ ata gbígbóná ni yóò máa mu, kí inú rẹ̀ lè mọ́, kí omi ọyàn sì wá. Màámi ò fọwọ́ kan tíì yẹn. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, kò tíì jẹun, ọyàn kò wá, àbúrò mi ń ké, òun náà ń sunkún. "Ẹ bá mi wá nǹkan gbígbóná, ẹ jọ̀ọ́."

A ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú ni. A kò tíì ní ìjọ, a ò mọ ẹni tó lè gbé kúlà oúnjẹ wá bá wa, bàbá mi ò sì mọ nǹkan í sè ju ẹyin lọ. Ló bá dì mí lọ́wọ́ mú, ó di Parnell Street, níbi tí àwọn ará Ṣáínà, Íńdíà àti Malaysia ti ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ibi tó dáa lójú wa, owó rẹ̀ ga. Ibi tówó rẹ̀ kò ga, a ò mọ ohun tí wọ́n ń sè. Nígbà tó yá, bàbá mi rí àwòrán ọbẹ̀ kan tó pupa fòò lára fèrèsé. Ó ní, "Wò ó, ọbẹ̀ ata nìyí. Àwọn èèyàn yìí mọ nǹkan."

A sáré gbé e padà. Màámi tọ́ ọ wò, ó wá wo bàbá mi lójú.

"Ta ló da ṣúgà sọ́bẹ̀?"

"Ṣúgà kẹ̀?"

"Ẹ tọ́ ọ wò. Ó ku ká da ògì sí i."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ojú abẹ dùn ún, ló bá tún bú sẹ́kún.

A padà lọ. Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí kò ní àwòrán rárá la wọ̀ lọ́tẹ̀ yìí, ìyá àgbàlagbà kan, ará Malaysia, ló ń dáná níbẹ̀. Ó ti rẹ bàbá mi. Kò béèrè oúnjẹ kankan, ó kàn ní ìyàwó òun bímọ, kò sì rí nǹkan jẹ.

"Ìgbà wo ló bí?"

"Àná."

"Kí ni wọ́n fún un?"

"Tíì àti búrẹ́dì."

Obìnrin náà pòṣé bí ìyá mi àgbà gan-an ṣe máa ń pòṣé. Ó ní lọ́dọ̀ tàwọn náà, ìyá ìkókó kì í fẹnu kan nǹkan tútù. Ó wọ ẹ̀yìn lọ, kò sì pẹ́ tí òórùn adìẹ àti atalẹ̀ fi gba gbogbo inú ṣọ́ọ̀bù. Bàbá mi ní kó fi ata kún un. Ó ní díẹ̀ lòun máa fi sí i, nítorí ọmọ tó máa mu ọyàn. Owó tó gbà kò ga rárá.

Màámi mu ọbẹ̀ yẹn títí òógùn fi bò ó níwájú orí. Ó fi ìka nu ìdí abọ́, ó dùbúlẹ̀, ó sùn. Bàbá mi náà gbé orí lé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó ń hanrun. Èmi nìkan ló kù tí mò ń wò wọ́n, ọkàn mi sì balẹ̀ bí ẹni tó sọ ẹrù kalẹ̀. Nígbà tí àbúrò mi jí, ọyàn ti wá. Mi ò mọ̀ bóyá ọbẹ̀ ni àbí oorun. Ọ̀dọ̀ obìnrin yẹn la ti ń ra oúnjẹ títí màámi fi padà sílé.

Ayé ti yí padà. Nígbà tí mo bí àbíkẹ́yìn mi ní Tyrrelstown, nítòsí Mulhuddart, kúlà àwọn ará ìjọ kún ilẹ̀ débi pé a ò ríbi gbẹ́sẹ̀ sí, ẹni tó bá sì ń wá ọbẹ̀ lóru, fóònù ló máa tẹ̀. Mo mú àkọ́bí mi lọ sí Parnell Street lọ́sẹ̀ tó kọjá, ṣọ́ọ̀bù náà kò sí mọ́. Ọmọ náà fi Gẹ̀ẹ́sì Dublin rẹ̀ bi mí pé ṣé a ò tilẹ̀ béèrè orúkọ obìnrin náà ni.

Mo ní, "A ò béèrè, òun náà ò béèrè tiwa. Ṣùgbọ́n bó o bá dé ibi tó ò ti mọ ẹnì kankan, tí ebi sì ń pa ẹni tó o fẹ́ràn, má dúró sí ojú fèrèsé. Wọlé tọ ẹni tó ń dáná lọ, kó o sọ ẹni tó o ń wá oúnjẹ fún."