Ọ̀yà Tí Ọkọ Mi Fẹ́ Fi Gba Ìbọn

Ẹgbẹ̀rún méjìlélógún náírà ni ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní ẹsẹ̀ òkè Ọ̀kà pe ọ̀yà tútù kan fún mi. Mo ní ogún. Ó ní rárá. Mo gbé ẹran náà sókè, mo yẹ̀ ẹ́ wò síwá sẹ́yìn bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ, mo sì rí i pé ṣóńṣó etí òsì rẹ̀ ti gé. Mo ní, "Ìyá, eku ti jẹ etí èyí. Ṣé kí n san owó etí tí kò sí ni?" Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó gba ogún ẹgbẹ̀rún. Mo gun ọ̀kadà relé, inú mi ń dùn sí ọgbọ́n orí mi.

Kì í ṣe ọbẹ̀ ni mo fẹ́ fi ọ̀yà náà sè. Ìbọn ni ọkọ mi fẹ́ fi gbà.

Ike ni mò ń tà ní ọjà Ìkàrẹ́: korobá, abọ́, póò ọmọdé. Ọ̀kà ni ilé wa wà. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní káńsù, ó sì ní oko iṣu ní ọ̀nà Ṣúpárè. Iṣu yẹn la gbójú lé fún owó iléèwé ọmọ wa obìnrin ní Àkùngbá. Lọ́dún yìí, olè bẹ̀rẹ̀ sí í wa iṣu náà. Tí wọ́n bá wà á tán, wọ́n á tún ebè ṣe padà, kó má bàa tètè hàn. Olè onímọ̀ọ́tótó! Ọkọ mi ka ogójì ebè tó ti ṣófo, ó wọlé, ó jókòó, ó ní, "Ìbọn ni mo máa ní."

Ọkùnrin yìí kan náà, tí aláǹgbá bá já bọ́ láti òrùlé, èmi ló máa ń pè.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n ń bi àwọn olùgbọ́ lórí rédíò bóyá kí ìjọba jẹ́ kí gbogbo èèyàn ní ìbọn, nítorí àwọn ajínigbé. Alápatà tó kọjú sí ìsọ̀ mi ní, "Tí gbogbo wa bá ní in, ajínigbé wo ló máa tó bẹ́ẹ̀?"

Mo ní, "Ìwọ tó o fi ọ̀bẹ lé oníbàárà lánàá nítorí ó ní egungun pọ̀ jù?"

"Mi ò lé e. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ ni, ọ̀bẹ kàn wà lọ́wọ́ mi."

"Báyẹn náà ni ìbọn ṣe máa kàn wà lọ́wọ́ rẹ."

Mo rán an létí àwọn obìnrin méjì tó jà nítorí ilẹ̀ tí kò fẹ̀ ju àpótí ìjókòó lọ. Korobá mi ni wọ́n fi na ara wọn, mẹ́ta ló fọ́, wọ́n sì san owó rẹ̀. Ká ní ìbọn ni, ta ni ǹ bá rí gba owó korobá lọ́wọ́ rẹ̀?

Alápatà ní, "Ó dáa. Ṣé ajínigbé ń gba ìwé àṣẹ ni? Lọ́wọ́ àwa tí à ń bẹ̀rù òfin nìkan ni ìjọba ti ń béèrè rẹ̀."

Òótọ́ ọ̀rọ̀ máa ń bọ́ sí alápatà lẹ́nu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ládùúgbò wa, ẹni tí àwọn ọdẹ kò bá jẹ́rìí sí kò gbọdọ̀ dán ọ̀rọ̀ ìbọn wò, ká má tíì dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n jẹ́rìí sí òun gbọ́dọ̀ gbé ẹran tó fọwọ́ ara rẹ̀ pa wá. Wọ́n yá ọkọ mi ní ìbọn ṣakabùlà kan lọ́jọ́ Sátidé. Ó dé pẹ̀lú ẹ̀gún lára ṣòkòtò. Ó ní òun yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Mo ní kí ló bà? Ó ní igbó.

Ó wá rọra ní, "Ìyá ọmọ mi, ṣé wọ́n ṣì ń ta ọ̀yà lójú ọ̀nà?"

Bí mo ṣe lọ rà á nìyẹn, ní ọ̀sán Sọ́ńdè. Owó iléèwé ọmọ ló wà lọ́kàn mi.

Ní ìrọ̀lẹ́, a gbé e gun òkè lọ síwájú olórí ọdẹ. Bàbá náà fi ìka tú irun ẹran náà láti orí dé ìrù.

"Ìwọ lo pa á?"

"Èmi ni, Bàbá."

"Ibo ni ọta ti wọlé?"

"Ó gba ẹ̀yìn jáde, Bàbá."

"Mi ò bi ọ́ níbi tó gbà jáde. Àlejò tí kò wọlé, báwo ló ṣe jáde?"

Mo rí i pé ọkọ mi ti ń rì, mo bọ́ síwájú. "Bàbá, ìró ìbọn ló pa á. Àyà ló já."

Àwọn ọdẹ rẹ́rìn-ín títí ọ̀kan fi di ògiri mú. Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Ó fa etí òsì ọ̀yà náà sókè. "Ìyá oníke, èló lẹ rà á?"

"Rà kẹ̀?"

"Tàkúté mi ló mú un láàárọ̀ òní. Àwa ọdẹ mẹ́rin là ń kó ẹran fún obìnrin tó ń tà á ní ẹsẹ̀ òkè. Èmi ni mo máa ń gé etí òsì, kó lè mọ ẹni tó máa fún lówó. Ó ní oníbàárà kan já owó òun lulẹ̀, pé eku ló jẹ etí náà."

Bàbá gba ìbọn tí wọ́n yá ọkọ mi lọ́wọ́ rẹ̀. "Tó o bá gbọ́ tí nǹkan ń rìn láàárín iṣu rẹ ní ìdájí, kí lo máa ṣe?"

"Màá yìn ín."

"Láì rí i?"

"Olè ni, Bàbá."

"Ta ló máa ń lọ já ẹ̀fọ́ láàárín iṣu yẹn ní ìdájí kó tó lọ sọ́jà?"

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Ọkọ mi náà wò mí. Ẹ̀rín tán lẹ́nu mi.

Bàbá ní, "Ẹni tó bá ń yìnbọn sí ohun tí kò rí, a kì í jẹ́rìí sí i. Ẹ máa lọ sílé." Ó ní a lè gbé ọ̀yà wa, torí a ti sanwó rẹ̀, àmọ́ ọdẹ kan ti gbé ìkòkò kaná, mo sì ti pa irọ́ tó pọ̀ jù láti máa du ẹran.

A sọ̀kalẹ̀ òkè tán. Ọkọ mi wá ní, "Ó lè jẹ́ ìwọ lóòótọ́."

Mo ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ ò lè bà mí. Igbó nìkan lẹ mọ̀ ọ́n bà." Àmọ́ mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wa iṣu náà. Olè kì í wa ebè tó ti ṣófo."

"Ká fi í sílẹ̀ oṣù méjì sí i, á wọ́n."

"Olè náà mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Ọjọ́ méjì la fi wà á. Igba iṣu ló jáde, a sì tà á ní ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ náírà lọ́kọ̀ọ̀kan ní ọjà Ọ̀kà. Alápatà gbọ́, ó ní a ti sá fún olè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, a sá, àmọ́ a di iṣu mọ́ra sá. Ọkọ̀ gba ogún ẹgbẹ̀rún, àwọn alábàárù gba ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀. Èyí tó kù tó owó iléèwé ọmọ wa. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì sí ọwọ́ bàbá rẹ̀: ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba ó lé méjìdínlọ́gọ́rin náírà, àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà.