Àdín tí mo fi pa àtẹ̀gùn ilé iná

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fún mi láyè kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi nígbà ìjọba òyìnbó. Ẹ má tíì bú mi o!

Alágbẹ̀dẹ ni wá nílé wa l'Ọ̀tà. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, Bùráímọ̀, la jọ gba iṣẹ́ nílé iná etí òkun l'Ékòó, ilé gíga tó ń tanná fún ọkọ̀ òkun kó má baà rì lẹ́nu ọ̀sà. Irin ni wọ́n fi ṣe é látòkè délẹ̀. Gíláàsì tó yí àtùpà rẹ̀ ká ló ń sọ iná kékeré di ńlá. Ẹ̀gbọ́n mi ló ń gòkè lọ nù ún láràárọ̀. Èmi ń ha ìpẹtà, mo sì ń kun irin lọ́dà, nítorí iyọ̀ òkun ń jẹ irin bí ikán ṣe ń jẹ igi.

Lọ́jọ́ kan, ọ̀dà tán. Fọ́máànù, ọ̀gá wa lẹ́nu iṣẹ́, ní kí n dúró de òmíràn. Kí n dúró kẹ̀? Ọmọ alágbẹ̀dẹ! L'Ọ̀tà, ta ló ń kun ọkọ́ lọ́dà? Àdín la fi ń pa á kó má baà dípẹtà. Mo bá fi àdín pa gbogbo àtẹ̀gùn irin náà. Ó ń dán! Inú mi dùn gan-an.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi gùn ún, ó yọ̀, ó sì já bọ́ látòkè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ló dá.

Fọ́máànù fọwọ́ kan àtẹ̀gùn, ó gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, ó wá pariwo pé ta ló ṣe é. Ẹ̀rù bà mí. Ẹ̀gbọ́n mi wò mí láti ilẹ̀ tó wà. Mo wo bàtà mi. Ẹ̀gbọ́n mi wá ní òun ni.

Lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n lé e lẹ́nu iṣẹ́. Fọ́máànù tilẹ̀ ní a ò gbọdọ̀ gbé e kúrò níbẹ̀ àfi tí mo bá fọ àdín náà tán, nítorí iná gbọ́dọ̀ tàn. Mo sì fọ̀ ọ́! Ẹ̀gbọ́n mi ń kérora nísàlẹ̀, mo ń fi ọṣẹ fọ àtẹ̀gùn lókè.

Kò lè dìde dúró mọ́. Ìdí ẹwìrì ló jókòó sí l'Ọ̀tà, tó ń fẹ́ná bí ọmọdé, títí tó fi kú. Ìyàwó rẹ̀ a máa dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo gbé e wálé.

Àwọn àgbà ní bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àdín kọ́ ló ń dùn mí. Ẹnu tí mo pa mọ́ ni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta lẹ jẹ́ kó ru ẹ̀bi yín? Ẹ sọ fún mi. Àmọ́ bí onítọ̀hún bá ṣì wà láyé, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ sọ fún.